Àga tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò: ọ̀dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Kàbà

Àga kan wà ní yàrá ìyá mi ní Mọ́pà báyìí tí kò sí irú rẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ìjókòó rẹ̀ ga ju ti àga yòókù lọ, apá rẹ̀ méjèèjì gùn kọjá etí ìjókòó níwọ̀n ìka mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nàró, kò sùn sẹ́yìn bí ti àwọn àga tí a ń rà lọ́jà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ẹni tó kàn án ṣi ìwọ̀n. Kò ṣì í rárá, nítorí pé ìyá mi gan-an ni wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́, wọ́n sì dán an wò lẹ́ẹ̀mejì kí ayùn tó kan igi tí wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ àwọn tó ṣe àga yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti náwó sórí àga àti tábìlì láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn débi pé mo lè fi ẹnu ara mi sọ bí ọwọ́ oníṣẹ́ kan ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní apá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Ìyàrà. Kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn onísáńpù ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ ṣe sáńpù rẹ̀. Ọ̀dọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: gbẹ́nàgbẹ́nà méjì, wẹ́dà kan, àti ọmọbìnrin kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti aṣọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n kí mi bí àwa ará ibí ṣe ń kí ara wa, wọ́n ní, "Okun o, Màmá," wọ́n sì gbé àpótí fún mi láti jókòó. Ohun tí ọ̀gá wọn kọ́kọ́ bi mí kò kan owó rárá. Ó ní, "Ẹ dákun, Màmá, báwo ni ìyá yín ṣe máa ń dìde? Ọwọ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ti nǹkan?" N kò lè dáhùn. Ọmọ tí wọ́n bí ni mí, mo sì ti ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń dìde láti kékeré mi, síbẹ̀ n kò fi ojú sí i rí. Wọ́n ní kí n padà sílé, kí n lọ wò ó dáadáa, kí n tó wá sọ irú àga tí mo fẹ́.

Kí n tó mọ̀ wọ́n, mo ti gbé iṣẹ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ìlú mìíràn tí n kò ní dárúkọ. Mo fi fọ́tò tábìlì kan hàn án lórí fóònù, ó wò ó, ó gba owó, ó sì ní kí n wá gbé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tábìlì náà ń dán lọ́jọ́ tí mo gbà á. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé, kò sì ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ojú tábìlì fi là láti etí kan dé ìkejì, tí ojú lílà náà sì fẹ̀ tó ohun tí owó bébà lè wọ̀. Mo gbà nígbà náà pé igi burúkú ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí mo gbé e dé Kàbà, àwọn ọmọ yìí dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì fi hàn mí pé ìṣó ni ọkùnrin yẹn fi kan pákó ojú tábìlì mọ́ férémù yíká. Wọ́n ṣàlàyé pé igi tí a gé kò dẹ́kun àtimáa mu omi inú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò, á fà á mu, á sì fẹ̀. Nígbà ọyẹ́, omi á jáde lára rẹ̀, á sì sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, ìbú rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Pákó tí ìṣó há mọ́ lọ́tùn-ún àti lósì kò rí ibi tó máa sún sí, ni ó bá là. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ihò gbọọrọ ni wọ́n máa ń lu sí abẹ́ férémù dípò ihò roboto, kí sìkúrúù lè máa rọra rìn nínú rẹ̀ bí pákó bá ṣe ń fẹ̀ tó sì ń sún kì. Wọ́n yọ gbogbo ìṣó tábìlì mi, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí ojú ibi tó là, wọ́n sì tún un dè lọ́nà yẹn. Ọyẹ́ kan ti kọjá lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, kò sì tíì tún là.

Ìyẹn ló mú kí n fi ọkàn balẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àga ìyá mi lé wọn lọ́wọ́.

Wọn kì í fọwọ́ kan igi gidi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n yàwòrán àga náà sórí bébà, lẹ́yìn náà wọ́n fi páálí fíríìjì gé e bó ṣe máa tóbi tó gan-an, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì gbé e wá sí Mọ́pà. Ẹnikẹ́ni kò lè jókòó lé páálí, ṣùgbọ́n ó ń gba ààyè tí àga ń gbà. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi níbi tí àga máa wà, wọ́n sì ní kí ìyá mi rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí fèrèsé. Apá páálí náà gbá wọn níbàdí. Ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà mú ọ̀bẹ, ó gé ìka méjì kúrò lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lójú gbogbo wa, ìyá mi tún rìn, wọ́n sì kọjá. Ká ní igi ni wọ́n ti fi ṣe é ni, àga náà ì bá wọ yàrá, ìyá mi ì bá sì máa fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé sáńpù kejì dé. Pákó melaina àlòkù ni wọ́n fi ṣe èyí, kò ní fáníìṣì, kò sì lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ó lágbára tó ẹni tó máa jókòó lé e. Wọ́n ti lu ihò mẹ́rin tó tẹ̀ léra sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi bóòtù gbé ìjókòó sókè tàbí kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àga ìjẹun tí a máa ń rí káàkiri sábà ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 42. Ìyá mi jókòó, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi pé kí n fa àwọn dìde. Wọ́n gbé e sí 45: ìyá mi dìde fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n di orúnkún ọ̀tún mú, wọ́n sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e sí 48: ìtàn kan ni ìyá mi ń sọ fún wa lọ́wọ́ nípa bí wọ́n ṣe máa ń rìn lọ sí ọjà nígbà èwe wọn, wọ́n dìde, ìtàn náà kò sì dúró. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ọ̀gá wọn kàn fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí ara ẹsẹ̀ àga. Wọ́n tún gbé e sí 51 kí ó lè dá wọn lójú, gìgísẹ̀ ìyá mi kò sì tẹlẹ̀ dáadáa mọ́, ni wọ́n bá dá a padà sí 48. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí ìjókòó bá ga, orúnkún kò ní ká púpọ̀, iṣẹ́ tí orúnkún máa ṣe láti na ara rẹ̀ yóò sì dín kù.

Ọmọbìnrin inú wọn ló ṣàkíyèsí ti ọwọ́. Ó rí i pé nígbà tí ìyá mi bá fẹ́ dìde, wọ́n máa ń na ọwọ́ síwájú ibi tí apá àga parí sí, bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n kan igi kékeré mọ́ orí apá méjèèjì lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ìyá mi sì bà lé e láì wò. Ibẹ̀ ni ìka mẹ́rin tí mo sọ lókè ti wá. Ìyá mi wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé àga lẹ ń ṣe ni àbí bàtà?" Mo rò pé kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ tí oníbàárà lè fún oníṣẹ́ ọwọ́.

Ọ̀gànwó ni wọ́n fi ṣe àga gidi. Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ àpá, nítorí pé òun ni bàbá mi máa ń yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àpá máa wúwo jù fún ẹni tó máa fẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé láàárọ̀, mo sì gbà. Wọ́n ṣe é kí ó ṣeé tú: igi mẹ́sàn-án àti bóòtù mẹ́jọ. Fọ́tò àga kan wà lára ògiri ilé iṣẹ́ wọn tí wọ́n ní ó kọ́ wọn ní ìyẹn, àga onínọ́ńbà 14 tí Michael Thonet, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, gbé jáde ní ọdún 1859. Ooru omi gbígbóná ni ó fi tẹ igi rẹ̀, igi mẹ́fà, sìkúrúù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì péré ló sì wà nínú rẹ̀, débi pé àga 36 tí wọ́n tú palẹ̀ ń wọ inú àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a máa ń fi ọkọ̀ èrò kó ẹrù láti Kàbà lọ sí Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Àga ìyá mi wọ inú búùtù ọkọ̀ táásì, kò sì sí ẹni tó ní kí n sanwó ẹrù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló fi sípánà kan ṣoṣo dè é pọ̀ nínú yàrá.

Lẹ́yìn àga ni mo gbé ọ̀rọ̀ àtùpà wá. Ìyá mi máa ń ka Bíbélì lóru, gílóòbù tó wà lókè yàrá sì funfun gbòò, ó ń ta wọ́n lójú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni akèrègbè tí wọ́n lu ihò kéékèèké sí lára ní ọnà. Ó lẹ́wà, n kò ní parọ́. Nígbà tí wọ́n tàn án, ọnà náà hàn sí gbogbo ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ìwé sábẹ́ rẹ̀, àmì iná bo ojú ewé bí ìgbà tí oòrùn gba àárín ewé igi kọjá, ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀, èkejì ṣókùnkùn. Wọ́n fúnra wọn ló ní kí n má rà á, pé àtùpà ọ̀ọ̀dẹ̀ ni, kò lè jẹ́ àtùpà ìwé.

Aṣọ ni wọ́n lò lẹ́ẹ̀kejì, ibí sì ni iṣẹ́ wọn ti dùn mọ́ mi jù. Ògìdì kò jìnnà sí wọn, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ìlú aláṣọ híhun ni Ògìdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Nike Okundaye ní ọdún 1951, ẹni tó gbé iṣẹ́ àdìrẹ àti aṣọ híhun wa káàkiri ayé. Aṣọ tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tó nàró máa ń ki, torí pé wíwọ̀ ni wọ́n hun ún fún, iná kò sì lè la inú rẹ̀ kọjá. Ọmọbìnrin yìí lọ bá ìyá kan tó ń hunṣọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n hun abala mẹ́ta tí ìbú wọn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì: kí wọ́n hun àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe máa ń hun ún, kí wọ́n fi àyè fọ́nrán òwú kan sílẹ̀ nínú ìkejì, kí wọ́n fi àyè méjì sílẹ̀ nínú ìkẹta. Ìyá náà kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè fi ọwọ́ ara àwọn hun aṣọ tó ń jò, kí wọ́n tó gbà níkẹyìn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a na abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú gílóòbù kan náà, a sì ṣí ìwé. Àkọ́kọ́ dí iná pa. Ìkẹta jẹ́ kí gílóòbù hàn sí ojú. Ìkejì rọ iná náà bí ìgbà tí èèyàn bu omi sí ẹ̀kọ, ojú ìwé sì mọ́lẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n na aṣọ náà mọ́. Irú ọgbọ́n yìí ni Isamu Noguchi, oníṣẹ́ ọnà kan, lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn àtùpà Akari rẹ̀ pẹ̀lú ọparun àti bébà ní Gifu, ní ilẹ̀ Japan, ní ọdún 1951. Òun náà lọ bá àwọn tó ti ń ṣe àtùpà bébà láti ìran wọn, ó sì bá wọn ṣe ohun tuntun láti inú ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀.

Gílóòbù LED oní-3000K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná) ni wọ́n fi sínú rẹ̀, èyí tí iná rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, dípò oní-6500K tó funfun gbòò, tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Bátìrì sólà kékeré ni ó ń lò, oní-12 volt. LED kì í gbóná bí gílóòbù ayé àtijọ́ tó jẹ́ pé ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ṣe, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ń gbóná, bí ooru yẹn kò bá sì rí ibi jáde, gílóòbù kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣí orí àti ìdí àtùpà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín kọjá. Mo rí ìwé tí ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sí: lẹ́yìn wákàtí kan, méjì, mẹ́ta, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ, ó sì kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un. Ohun tí n kò fẹ́ràn lára àtùpà yìí ni bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀, tó kéré, tó sì wà lẹ́yìn. Ìyá mi máa ń táràrà wá a lóru. Àwọn tó wo ọwọ́ ìyá mi dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣe àga gbàgbé láti tún un wò nígbà tí wọ́n ń ṣe àtùpà, ó sì dùn mí. Wọ́n ti so okùn tí èèyàn lè fà mọ́ ọn lẹ́yìn tí mo sọ fún wọn.

Wọ́n tún ní àpótí ìjókòó kan tí wọ́n fi páànù irin tẹ̀. Nifemi Marcus-Bello, ayàwòrán ohun èlò tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló wú wọn lórí, ẹni tó lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páànù ìbora jẹnẹrétọ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ kan náà bá òun tẹ àpótí ìjókòó. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n tiwọn kò tíì jinná: ó tutù nini láàárọ̀ ọyẹ́, ó ń pariwo lórí sìmẹ́ǹtì, etí rẹ̀ kan sì ṣì mú. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á báyìí.

Àbùkù tó tóbi jù tí mo rí wà lára àga fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọyẹ́, oríkèé tí apá òsì ti wọ ẹ̀yìn àga là díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìyá mi bá gbára lé e. Igi náà kò tíì gbẹ tán nígbà tí wọ́n lò ó. Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà a máa sọ pé pákó tó nípọn tó íǹṣì kan yẹ kó lo nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ ìbòrí kó tó gbẹ, àwọn ọmọ yìí sì mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí pé àwọn ló ṣàlàyé ti tábìlì fún mi. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ onígi tó sọ fún wọn pé ó ti gbẹ. Wọ́n wá gbé e láì bá mi jiyàn, wọ́n tún oríkèé náà ṣe láì gba kọ́bọ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ègé kan lára igi kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ni wọ́n tó lò ó. Ó yẹ kí wọ́n ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún ń pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo dúró. Wọn kì í kọ àdéhùn sílẹ̀, láàárín iṣẹ́ sì ni wọ́n sọ fún mi pé epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n, pé kí n fi owó lé e. Mo bá wọn sọ ọ́, a sì pín in sí méjì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè má ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ra ìwé rìsíìtì, kò wọ́n.

Ní ti owó, mo san ₦30,000 fún sáńpù méjèèjì, ₦140,000 fún àga, àti ₦45,000 fún àtùpà. Ẹlòmíràn ti dá ₦85,000 lé àga fún mi láìsí sáńpù kankan. Àwọn ará ilé mi kan ní mo fi owó ṣòfò sórí páálí. N kò gbà fún wọn. ₦30,000 yẹn ló ra sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí ìyá mi fi ń dá dìde, tábìlì tí n kò sanwó sáńpù lé lórí tẹ́lẹ̀ sì ti ná mi ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó bá mi tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó má ṣe mú fọ́tò àga lórí fóònù lọ bí èmi ti ṣe níjọ́sí. Kí ó mú ẹni tó máa jókòó lé àga náà lọ, bí ẹni náà bá lè rìnrìn àjò. Bí kò bá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sanwó ọkọ̀ kí àwọn ọmọ náà wá. Kí ó béèrè ìgbà tí wọ́n gé igi, kí ó sì ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n lójú òun. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé páálí tuntun wá sí Mọ́pà fún ohun tí ìyá mi máa dì mú nínú balùwẹ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé òru ni kí wọ́n wá, torí pé òru ni ìyá mi máa ń lo balùwẹ̀ náà jù.